Mo ti pé ọmọ ọdún 47, mo sì fẹ́ fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè, Ṣàgámù

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó wà níbí. Ọmọ ọdún 47 ni mí, ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan nítòsí Ṣàgámù láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga. Owó oṣù ń wọlé lásìkò, n kò sì ní ọ̀gá tó ń fìyà jẹ mí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ náà ti sú mi. Bí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú bá ti ń lé, ara mi á ti máa kọ ọjọ́ kejì. Ìwé kan náà ni mò ń kọ lóṣooṣù, n kò sì lè nawọ́ sí ohun kan kí n ní iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí.

Ẹbí wa ní ilẹ̀ ní ìhà Ìjẹ̀bú-Igbó. Ohun tó ń wù mí ni kí n máa gbin ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, kí n sì máa fi ṣe gaàrí Ìjẹ̀bú fún títà. Ìyàwó mi ń ta aṣọ, ọmọ wa méjì sì wà ní yunifásítì. Ìyá mi ní òun kò tíì gbọ́ pé ẹnì kan fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ka iye ọdún tó kù kí wọ́n fẹ̀yìntì. Ẹ̀yin tí ẹ ti yí iṣẹ́ padà lágbà, tàbí tí ẹ sún mọ́ ẹni tó ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń gbé e gbà?

Bàbá Akọ̀wé, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mi, kí o tó kọ lẹ́tà kankan, ó yẹ kí o mọ ohun tó sú ọ gan-an, nítorí ọ̀tọ̀ ni kí iṣẹ́ súni, ọ̀tọ̀ ni kí ibi iṣẹ́ súni. Mo mọ ẹnì kan tó jẹ́ pé wàhálà ojú ọ̀nà láàárọ̀ àti lálẹ́ ló ń pa á lára, tó sì rò pé iṣẹ́ náà lòun kórìíra. Nígbà tó rí irú iṣẹ́ kan náà nítòsí ilé rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. Jókòó, kí o kọ ohun tí o ń ṣe láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀, kí o sì fi àmì sí èyí tí ara rẹ ń kọ̀ àti èyí tí o lè ṣe bí wọn kò tilẹ̀ sanwó fún ọ. Bí o bá rí i pé ìṣirò fúnra rẹ̀ kò burú lójú rẹ, pé ohun tó ń dùn ọ́ ni pé o kì í rí èso rẹ̀, a jẹ́ pé ìmọ̀ náà yóò bá ọ dé inú òwò gaàrí. Ọ̀pọ̀ ilé gaàrí ni kò mọ iye tí àpò kan ná wọn kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́jà.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọjọ́ kan ṣoṣo lèèyàn ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà tó wà nítòsí wa níbí, iṣẹ́ olùkọ́ ló kọ́kọ́ ṣe kó tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Inú iṣẹ́ ọlọ́pàá yìí ló ṣì wà nígbà tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1944. Ìgbà tí ó ti rí i pé àwọn èèyàn ń san owó wo eré náà ló tó bọ́ aṣọ ìjọba. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyẹn: jẹ́ kí àpò gaàrí tìrẹ ti dé ọwọ́ àwọn tó ń rà á, kí wọ́n sì ti padà wá béèrè òmíràn, nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé.

Ará Ìpẹru

Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ọmọ méjì ní yunifásítì kì í ṣe ẹrù kékeré. Bí èyí àgbà nínú wọn bá ku ọdún kan tàbí méjì kó parí, ẹ jẹ́ kó parí. Iṣẹ́ tó sú yín yìí ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀gẹ́ tí ẹ bá sì gbìn lónìí kò ní tó wú kó tó tó bí oṣù 9 sí 12. Ta ni yóò máa sanwó láàárín àkókò náà? Ẹ dáhùn ìbéèrè yìí ṣáájú ohunkóhun mìíràn.

Òṣìṣẹ́ Pẹ́ńṣàn, Ìjẹ̀bú-Òde

Orí ìbéèrè ará Ìpẹru ni mo fẹ́ bá wọlé, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ló rò pé owó pẹ́ńṣàn ni àwọn yóò fi la àkókò yẹn já. Lábẹ́ òfin pẹ́ńṣàn ti 2014, ó kéré tán, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù yín ni wọ́n ń yọ, agbanisíṣẹ́ sì ń fi ìdá 10 kún un, gbogbo rẹ̀ á sì lọ sínú àpamọ́ tó ń jẹ́ orúkọ yín. Owó yín ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 50 kò lè kó o bó ṣe wù ú. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 47, ẹ ó kọ́kọ́ lo oṣù 4 láìrí iṣẹ́ oṣù mìíràn kí ẹ tó lè béèrè, ohun tó sì pọ̀ jù tí wọ́n lè fún yín kò ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Ìyókù dúró títí ọjọ́ orí yín yóò fi tó o. Nítorí náà, ẹ má ka owó yìí mọ́ ohun tí ẹ ó máa jẹ ní oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ rárá. N kò tilẹ̀ gbà yín níyànjú láti fi ra ẹ̀rọ, nítorí òun ni yóò bọ́ yín nígbà tí apá kò bá lè gbé àpò mọ́.

Ohun tí mo tún fẹ́ kí ẹ ṣe nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni pé kí ẹ gba àkọsílẹ̀ àpamọ́ náà, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù bóyá gbogbo ohun tí wọ́n yọ ló wọlé. Ẹni tó bá ṣì wà nínú ọgbà ni wọ́n ń tètè dá lóhùn. Ẹ má sì gbàgbé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́. Bí ẹ bá jẹ ẹgbẹ́ lówó, láti inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ọjọ́ tí owó oṣù bá sì dúró, ohun tí ẹ ti fi pamọ́ ni wọ́n ó kọ́kọ́ fi dí i, bí kò bá sì tó, onídùúró yín ni wọn yóò dojú kọ. Ẹ san gbèsè ẹgbẹ́ tán kí ẹ tó kúrò, kí ẹni tó dúró fún yín má bàa máa fi orúkọ yín ṣépè. Ní ti ọjọ́ iwájú, ètò pẹ́ńṣàn kan wà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Èèyàn lè máa dá owó síbẹ̀ bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe tó, lóṣooṣù tàbí lẹ́yìn ìkórè.

Ìyá Onígaàrí, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú ọ̀rọ̀ rere o. Inú mi dùn pé gaàrí wa ló ń wu àbúrò mi yìí, nítorí iṣẹ́ tó ní ọ̀wọ̀ ni, ó sì ti rán ọmọ púpọ̀ níléèwé ní Ìjẹ̀bú yìí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń wọ̀.

Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú, kò sì sí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ yín mọ́. Kí ọkọ́ tó wọlẹ̀, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ àwọn tí yóò bó o, ẹ̀rọ tí yóò lọ̀ ọ́, àti bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Bí a bá lọ̀ ọ́ tán, inú àpò ni a ń dà á sí, ibẹ̀ ni gaàrí Ìjẹ̀bú sì ti ń yà kúrò lára gaàrí yòókù, nítorí a kì í kánjú fún un. A ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan dáadáa. Kíkan yẹn ni àwọn oníbàárà wa ń wá, òun náà ló sì ń dín oró tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kù. Lẹ́yìn náà ni a ó fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ lè ro jáde. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á fún un: bó bá dì, tó sì tún fọ́ wẹ́wẹ́ bí a ṣe ń fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ti tó kù, bó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, kókó ni yóò kún inú agbada. A kì í ta epo sí i. A ó kù ú kó kúnná, a ó sì yan án lórí iná tí kò le jù títí yóò fi gbẹ, tí yóò máa dún bí a bá ń dà á láti ọwọ́ kan sí èkejì.

Mo sọ gbogbo èyí nítorí pé inú fífún-un-mọ́wọ́ yẹn ni èrè àti àdánù wà, kò sì sí ìwé tó lè kọ́ yín. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí oko gbígbìn. Ẹ wá ilé gaàrí kan, kí ẹ máa lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ jókòó ti àwọn obìnrin tó ń yan án, kí èéfín dé ojú yín. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, ẹ ra ẹ̀gẹ́ tútù lọ́wọ́ àgbẹ̀, kí ẹ san owó ẹ̀rọ àti owó òṣìṣẹ́ fún ẹni tó ní ilé gaàrí, kí ẹ sì ta èyí tó bá jáde. Nínú kìlógíráàmù 100 ẹ̀gẹ́ tútù, ẹ má retí gaàrí tó ju bíi 20 sí 25 lọ, nítorí èèpo àti omi ló kó ìyókù lọ. Àwọn tó ń ti ọ́fíìsì wá kì í sábà ṣe ìṣirò yìí. Owó tí wọ́n ń tà gaàrí lọ́jà Òkè-Ajé ni wọ́n ń wò. Ẹ tún fi sọ́kàn pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ a máa le, owó tí a fi ń wú ẹ̀gẹ́ a sì pọ̀ ju ti ìgbà òjò lọ, bẹ́ẹ̀ ìgbà ooru náà ni àwọn tó ń mu gaàrí ń pọ̀ sí i. Ẹni tí kò bá ní owó tí yóò fi dúró de àkókò náà, ọwọ́ àwọn alágbàtà ni yóò bọ́ sí.

Bí ẹ bá sì fẹ́ di í sínú ọ̀rá tó ní orúkọ yín lára, kí ẹ lè tà á ní àwọn ilé ìtajà ńlá, ẹ ó forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ẹ ó sì gba nọ́ńbà NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn. Ìyẹn kò kan àpò tí ẹ bá ń gbé lọ sọ́jà báyìí. Ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí ọjà bá ti mọ̀ yín.

Olùkọ́, Ìjagun

Olùbéèrè ti mọ ohun tó wù ú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn mìíràn tí iṣẹ́ sú ń ka ọ̀rọ̀ yìí, tí wọn kò sì ní ilẹ̀. Mo ti lé ní ọmọ ọdún 40 nígbà tí mo kúrò nídìí títa ọjà fún ilé-iṣẹ́ kan tí mo di olùkọ́. Ẹni tó ti ní oyè dìgírì nínú ìmọ̀ mìíràn lè ṣe PGDE, ìyẹn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ fún ẹni tó ti gba dìgírì, láti kún un, kó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀. Yunifásítì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tí wọ́n fi orúkọ Tai Solarin pè wà lẹ́nu ọ̀nà wa níbí. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2022 sì ti gbé ọdún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ kúrò ní 60 dé 65, nítorí náà ẹni tó bá wọlé ní 45 ṣì ní ọdún púpọ̀ níwájú.

Ohun tó le jù kì í ṣe ìwé. Ohun tó le ni kí ẹni tí mo jù lọ́jọ́ orí máa sọ fún mi níwájú àwọn mìíràn pé ohun tí mo ṣe kò dára, kí n sì tún un ṣe. Ní ilẹ̀ wa níbí tí ọjọ́ orí ti ní ìwọ̀n, nǹkan yìí a máa dun èèyàn débi pé àwọn kan fi iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ nítorí rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi àti ọ̀gá mi rí ọ̀nà kan gbé e gbà: mò ń pè é ní sà, òun náà ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, bí ẹ̀kọ́ bá sì ti parí, kálukú á padà sí ipò rẹ̀. Ẹ̀yin olùbéèrè wa, bí ọmọdébìnrin tó ń yan gaàrí bá ní kí ẹ dìde kúrò nídìí agbada nítorí pé ẹ ń jó o, ẹ dìde.

Olùbéèrè, Ṣàgámù

Mo dúpẹ́ gan-an. Mo ti ṣe ohun tí Bàbá Akọ̀wé ní kí n ṣe. Ìṣirò kọ́ ló sú mi. Ohun tó sú mi ni kí n máa ṣírò owó ọjà tí n kò fojú rí. Ọmọ wa àgbà yóò parí lọ́dún tó ń bọ̀, mo sì ti gbà láti dúró títí di ìgbà náà, kí n máa lọ sí ilé gaàrí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta bí ìyá ṣe wí. Ohun méjì ló kù tó ń kọ mí lóminú: ilẹ̀ ẹbí, àti ojú tí àwọn èèyàn yóò fi wò wá nínú ilé.

Ìyá Àdúfẹ́, Òdógbolú

Ọkọ mi fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ lágbà, nítorí náà mo lè sọ ohun tí aya ń rí. Ẹ má kàn sọ fún ìyàwó yín pé ẹ fẹ́ kúrò. Ẹ gbé ìwé ìnáwó ilé síwájú rẹ̀. Ẹ jọ wo iye tí ilé ń ná lóṣù, kí ẹ jọ fẹnu kò sí ohun tí yóò dínkù, kó sì mọ oṣù tí owó aṣọ tirẹ̀ yóò máa gbé ilé nìkan. Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, ọmọ ọdún 35 ni, ó ti ní aya àti ọmọ, ó sì ti ṣe olùkọ́, akọ̀wé, oníròyìn àti òwò irè oko. Ní 1946 ni wọ́n gbà á sínú ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò. Àwọn èèyàn máa ń sọ ìtàn yẹn bíi pé òun nìkan ló ṣe é. Ìyáàfin Hannah Awólọ́wọ̀ ló wà nílé tó ń ṣòwò, tó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ. Òwò ìyàwó yín kì í ṣe àfikún nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òun ni òpó tí ẹ ó fẹ̀yìn tì, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún un lójú ayé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú ayé náà. Ní Ìjẹ̀bú, owó tó ń jáde kì í ṣe ti oúnjẹ nìkan. Bí Ojúde Ọba bá ti ń súnmọ́, regberegbe kálukú, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, á ti mú aṣọ, fìlà àti ìpápánu, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí ojú ti òun lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkú ìyá ọ̀rẹ́, ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n, ìwúyè. Ọkọ mi lọ bá àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀. Ó sọ fún wọn pé fún ìgbà díẹ̀ òun yóò máa san owó ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n òun kò ní lè máa ra gbogbo aṣọ. Wọ́n gbà, àwọn kan nínú wọn ló sì kọ́kọ́ di oníbàárà rẹ̀. Ẹni tó bá fi í pamọ́, tó ń yá owó ra aṣọ ẹbí, gbèsè yóò mú un padà sẹ́nu iṣẹ́ tó sá kúrò. Ọwọ́ epo ni aráyé ń báni lá. Ẹ mọ àwọn tí yóò dúró tì yín ṣáájú.

Agbẹjọ́rò, Ṣàgámù

Lórí ilẹ̀: pé ó jẹ́ ilẹ̀ ẹbí kò túmọ̀ sí pé ẹ lè wọ̀ ọ́ lọ dá oko tó tóbi. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ olórí ẹbí àti àwọn àgbà tó ń ṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan, kí ó sì wà lákọsílẹ̀: ibi tí ilẹ̀ náà pin sí, iye ọdún tí ẹ ó lò ó, ohun tí ẹ ó máa fún ẹbí, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí irè oko bí wọ́n bá fẹ́ gba ilẹ̀ náà padà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí. Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá jẹ́ igbó, kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀. Ọdún tí ẹ̀gẹ́ bá so dáadáa ni àwọn tó wà ní Èkó máa ń rántí pé àwọn náà ní ìpín. Kí ẹ má sì kọ́ ilé gaàrí síbẹ̀ kí ìwé tó pé.

Bàbá Akọ̀wé, Ìjẹ̀bú-Òde

Ó ku ti lẹ́tà náà. Wo ìwé àdéhùn tí o fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n gbà ọ́, kí o mọ iye ìgbà tí o gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìkìlọ̀. Òfin iṣẹ́ sọ pé ẹni tó ti ṣe tó ọdún 5 yóò fún wọn ní oṣù kan, lákọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń kọ oṣù mẹ́ta sínú àdéhùn fún àwọn tó wà nípò gíga, èyí tí o fọwọ́ sí ni wọn yóò sì dì mú. Bí o kò bá dúró pé, wọ́n lè yọ owó rẹ̀ nínú ohun tí wọ́n jẹ ọ́.

Jẹ́ kí lẹ́tà náà kúrú. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ yóò parí, má kọ ẹ̀sùn kankan síbẹ̀. Lo àkókò tó kù láti kọ́ ẹni tí yóò gba ipò rẹ, kí o sì jẹ́ kó mọ ibi tí gbogbo ìwé wà. Kí o tó jáde, gba ìwé ẹ̀rí pé o ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìwé owó orí rẹ, àti ìwé tó fi hàn pé o kò jẹ wọ́n ní gbèsè. Ṣe ẹ̀dà wọn, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ. Bí òwò bá sì nílò owó yíyá lọ́jọ́ iwájú, àwọn ìwé wọ̀nyẹn ni báńkì yóò kọ́kọ́ béèrè.